Ẹ̀ka tó rúwé láìta gbòǹgbò: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Àjàṣẹ́

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Kétu ni ilé bàbá mi wà. Igi mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó papò dà: ọsàn wẹ́wẹ́ kan, gúáfà kan tí inú rẹ̀ pupa, àti máńgòrò kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ní lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni àwọn yóò gé igi náà. Láti oṣù kejìlá ni mo ti ń gé ẹ̀ka wọn wá sílé. Mo rẹ wọ́n sínú omi àgbọn, mo fi oyin pa ìdí wọn, mo gbìn wọ́n sínú ilẹ̀ pupa tí mo pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ. Mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì gbé wọn sínú oòrùn kí wọ́n lè yára. Ọsàn wẹ́wẹ́ rúwé dáadáa, inú mi dùn. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ rọ, ìdí rẹ̀ dúdú. Gúáfà ò tilẹ̀ rúwé, máńgòrò gbẹ ni. Aládùúgbò mi kan ní ọwọ́ mi ni kò dáa fún igi, kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi gbìn ín. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe kí igi bàbá mi má baà parun?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọwọ́ kúrò lọ́nà, torí mo rò pé òun ló dùn yín jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ọwọ́ yín kò ṣe nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́ ọmọ igi ní Kétu níbí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé kúrò nídìí igi gbígbìn, tí wọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tí àdúgbò ń yìn pé ọwọ́ rẹ̀ tutù, ẹ bi í léèrè irú igi tó gbìn àti oṣù tó gbìn ín. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀ka ìyeyè ni, tàbí àgùnmániyè, lẹ́yìn àkọ́rọ̀. Ìyẹn á hù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mú igi mẹ́ta tí ìwà wọn ò jọra rárá, ẹ ṣe ohun kan náà fún wọn, ẹ sì ṣe é láàárín ọyẹ́. Àgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ìbá ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni ìbá rí.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀kan ni ìdí tí ẹ̀ka fi rúwé kó tó kú. Èkejì ni bí ẹ ó ṣe gba igi mẹ́ta là nínú àsìkò kékeré tó kù. Mo mọ̀ pé èkejì ló ń jẹ yín lọ́kàn, àmọ́ bí èkíní kò bá yé yín, ẹ ó kàn tún tọ ipa kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka mìíràn ni.

Ẹ̀ka tí a gé kúrò lára igi gbé oúnjẹ àti omi díẹ̀ dání láti ara ìyá rẹ̀. Ojú tí ewé ń gbà yọ ti wà lára rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, kò sì dúró de gbòǹgbò kó tó là. Bí ooru bá ti wà, tí ara igi náà kò tíì gbẹ, ojú yóò là, ewé yóò sì yọ. Oúnjẹ tí ìbá lọ sí ìsàlẹ̀ láti di gbòǹgbò ni ewé yẹn ń jẹ. Bó bá sì ti tẹ́ tán, ó tún ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí gbòǹgbò tó ń fa òmíràn wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ohun tó gbé wá láti ilé máa ń tán. Ìdí nìyẹn tí ti ọsàn wẹ́wẹ́ yín fi rọ ní àsìkò tó rọ gan-an. Láti ọjọ́ tó ti rúwé ló ti wà nínú ewu, kò sì sí ohun tó hàn sójú tí ẹ fi lè mọ̀.

Gbòǹgbò ní tirẹ̀ kì í ti ojú ewé yọ. Awọ tútù tó ń yọ̀, tó wà láàárín èèpo àti igi, ló gbọ́dọ̀ yí ìwà padà kó tó di gbòǹgbò, iṣẹ́ ńlá sì ni fún igi. Lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà, kókó funfun kan sábà máa ń kọ́kọ́ wú. Àwọn èèyàn máa ń mú un wá fi hàn mí pé gbòǹgbò ti dé. Ọgbẹ́ tó ń san ni. Gbòǹgbò lè tẹ̀lé e, ó sì lè má tẹ̀lé e. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá tún gbin ẹ̀ka, ẹ má ka ewé sí nǹkan kan. Ẹ̀ka tó dúró fún oṣù kan láìrúwé, tí ewé àtijọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ lára rẹ̀ ṣì tutù, mo fọkàn tán an ju èyí tó yọ ewé tuntun lọ́jọ́ kẹwàá lọ.

Gbogbo wa la dàgbà sínú oko ẹ̀gẹ́, ìyẹn ló sì ń ṣì wá lọ́nà. Ẹ gé igi ẹ̀gẹ́, ẹ tì í sínú ilẹ̀, ó hù. Pọ̀rọ́gún tí wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyeyè tí wọ́n fi ń ṣọgbà bẹ́ẹ̀. Igi wọ̀nyí ní oúnjẹ púpọ̀ nínú igi wọn, gbòǹgbò sì yá sí ara wọn. Àwọn igi eléso yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Àjàrà, ọ̀pọ̀tọ́ àti pómégránétì kì í fúnni ní wàhálà púpọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín: bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ń ṣe é. Gúáfà le, pàápàá bí igi náà bá ti dàgbà. Máńgòrò, píà àti kajú, mi ò ní tàn yín, n kì í gbà wọ́n ní ẹ̀ka gígé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi bí ìrì láti àárọ̀ títí dalẹ́ máa ń rí díẹ̀ ṣe nínú wọn, ṣùgbọ́n nínú ilé, kí ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀ka máńgòrò bàbá yín ṣòfò. Ọjọ́ orí igi náà tún ń dá sí i. Ẹ̀ka orí igi tó ti ń so láti ogún ọdún ti gbàgbé gbòǹgbò yíyọ. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rú láti ìsàlẹ̀, nítòsí ìdí igi, ló ṣì lè ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá dá tirẹ̀ kún un. Aṣọ tí ẹ bá sá ní oṣù kìíní, kí ẹ tó yíjú ó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọyẹ́ ṣe ń fa omi lára ewé. Ẹ̀yin ní Àjàṣẹ́ tilẹ̀ sàn jù wá lọ, nítorí ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́. Kétu gbẹ ju tiyín lọ, Sábẹ̀ tún gbẹ ju Kétu lọ. Ẹ rí i pé ewé ń rọ, ẹ wá ń da omi sí ilẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tí ìyá èyíkéyìí tó láàánú á ṣe nìyẹn, mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n omi inú ilẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ ewé nígbà tí gbòǹgbò kò sí. Èyí tí ojú ọgbẹ́ ìdí ẹ̀ka lè fà kò tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ tó yí ewé ká ló yẹ kí ó rin. Ilẹ̀ ní tirẹ̀, kí ó kàn tutù díẹ̀ ni. Gbòǹgbò tó ń gbìyànjú láti yọ nílò afẹ́fẹ́ láti mí, ilẹ̀ pupa agbègbè wa yìí sì máa ń lẹ̀ mọ́ra bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdí ẹ̀ka tó dúdú tí ẹ rí yẹn, jíjẹrà ni. Ìgbẹ́ adìẹ sì dá kún jíjẹrà náà: ó ń gbóná, iyọ̀ inú rẹ̀ ń jó ojú ọgbẹ́, kòkòrò tí ojú ò rí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kò lè jẹ ìlẹ̀dú. Ẹ tọ́jú ìgbẹ́ adìẹ yín di ọjọ́ tí igi bá ti ń dàgbà nínú ilẹ̀, kí ó sì ti jẹrà tán kí ẹ tó lò ó.

Ní ti omi àgbọn, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láti 1941 ni àwọn onímọ̀ ti ń lò ó nínú ilé ìwádìí láti fi bọ́ ọmọ ewéko tó kéré gan-an, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn, nítorí pé cytokinin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n cytokinin ni ohun tó ń mú kí igi la ojú kó yọ ẹ̀ka. Bó bá pọ̀, ó tilẹ̀ ń dí gbòǹgbò lọ́wọ́. Ohun tó ń pe gbòǹgbò ni wọ́n ń pè ní auxin, irú rẹ̀ tí àwọn tó ń tọ́ igi sì ń lò jù ni IBA, tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti 1935. Omi àgbọn tún ní ṣúgà, ṣúgà yẹn ń pe èèrà àti èbu wá sí ìdí ẹ̀ka. Oyin lè dá àwọn kòkòrò kan dúró lójú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára gbòǹgbò. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun IBA lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko, èyí tó jẹ́ 0.3% tó fún gúáfà. Ẹ bu díẹ̀ sí orí bébà, ẹ fi ìdí ẹ̀ka kàn án, ẹ gbọn èyí tó pọ̀jù dànù, ẹ má sì da ìyókù padà sínú agolo. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe é láìsí i. Gúáfà ni yóò ṣòro.

Bí mo ṣe máa gé ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn bó bá jẹ́ tèmi nìyí. Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, n ó ní kí ẹnì kan nílé da omi púpọ̀ sí ìdí igi náà, kí ara ẹ̀ka lè kún fún omi. N ó gé e ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. N ó wá ẹ̀ka tó nípọn tó lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, tí ara rẹ̀ kò rọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì le bí igi ìdáná, tí kò ní òdòdó tàbí èso lórí. Gígùn rẹ̀ á tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, kí ẹ sì ti fi ọtí tàbí omi javel (èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun) nù ún, nítorí ọ̀bẹ kíkú ń tẹ èèpo fọ́, ibi tó fọ́ yẹn ló sì ń kọ́kọ́ jẹrà. Abẹ́ oríkèé gan-an ni kí ọ̀bẹ gbà. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lókè, ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ìdajì. Àwọn kan máa ń já gbogbo ewé tán pé kó má baà rọ. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ àti gúáfà, ìyẹn kò dáa, torí ewé tó kù yẹn ló ń ṣe oúnjẹ àti auxin tí gbòǹgbò nílò. Kí ẹ gé mẹ́wàá bó bá jẹ́ igi méjì lẹ ń wá. Láti Kétu gba Pobè àti Sakété dé ọ̀dọ̀ yín, afẹ́fẹ́ orí ọ̀kadà lè pa gbogbo rẹ̀ lọ́nà, nítorí náà ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ọ̀rá náà lẹ́nu, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Iyanrìn odò tí ẹ fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ fi fọ́nrán èèpo àgbọn tàbí èèpo ìrẹsì tí wọ́n ti jó dúdú kún un díẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ jẹ́ kó tutù. Bí ẹ bá fún un mọ́ ọwọ́, kí omi kàn kán bí ẹ̀kán kan tàbí méjì. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò kí ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí oríkèé méjì wọlẹ̀, kí ẹ sì tẹ iyanrìn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìgò omi oníke ńlá tó mọ́ gaara, ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ fi dé e lórí. Inú ìgò yẹn ni afẹ́fẹ́ tútù tí mo ń sọ yóò wà. Ibi tí ẹ ó gbé e sí ṣe pàtàkì gan-an: ìmọ́lẹ̀ ni ó fẹ́, kò fẹ́ kí oòrùn ta sí i. Ìgò tí oòrùn bá ń ta sí lára ń di ìkòkò orí iná, ẹ̀ka inú rẹ̀ á sè láàárín ọ̀sán kan. Ní oṣù kejì yìí, gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí àríwá ní ibòji, tàbí abẹ́ igi tó ní ewé dáadáa. Bí ẹ bá ń rí ìrì lára ìgò nínú, ẹ má fi omi kún un. Lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ yí padà, ẹ ṣa ewé tó bá já. Bí ẹ̀ka kan bá kú, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má baà kó ran àwọn yòókù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ má fà á tu wò. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ rọra fà á díẹ̀. Bó bá dì mọ́lẹ̀, gbòǹgbò ti ń mú un nìyẹn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìgò náà díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan, lẹ́yìn náà ìdajì ọjọ́, títí tí yóò fi mọ́ afẹ́fẹ́ ìta lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí yọrí, tí wọ́n á wá ṣí ìgò pátápátá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀ka á sì rọ lójú wọn.

Ó kù ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kódà ṣáájú ẹ̀ka gígé, nítorí àsìkò yín ti kúrú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka náà ta gbòǹgbò nígbà tó ṣì wà lára ìyá rẹ̀. Marcottage ni àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ oko ní orílẹ̀-èdè wa ń pè é. Omi ń gba inú igi gòkè, oúnjẹ ń gba inú èèpo sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá bó èèpo yí ẹ̀ka ká, omi ṣì ń gòkè dé ewé, nítorí náà ewé kò ní rọ. Oúnjẹ àti auxin tó ń sọ̀kalẹ̀ á dé etí ibi tí ẹ bó, wọn ò ní rọ́nà kọjá, wọ́n á kó jọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò á ti yọ. Gbogbo ìṣòro tí mo ti ń kà láti òkè wá, ọ̀nà yìí yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó dáa fún ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì dáa fún gúáfà ju ẹ̀ka gígé lọ.

Ẹ yan ẹ̀ka tó nípọn tó àtàǹpàkò tàbí kó kéré sí i díẹ̀, tó ń rí oòrùn, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà sí orí rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mímú yí èèpo ká lẹ́ẹ̀mejì, kí àárín méjèèjì tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, ẹ bó èèpo àárín náà kúrò. Ẹ ha igi tó hàn náà títí awọ tó ń yọ̀ yẹn yóò fi tán lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ha á, èèpo á tún so pọ̀, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Bí ẹ bá ní IBA, òkè ibi tí ẹ bó ni kí ẹ pa á sí. Ẹ mú fọ́nrán àgbọn tí ẹ ti rẹ tí ẹ sì ti fún, tó kún ọwọ́ méjì, ẹ fi bo gbogbo ibẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e, ẹ so ó lókè àti nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráàyè wọlé. Ẹ tún fi àkísà bò ó lórí nítorí oòrùn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni pé èèpo kì í fẹ́ bó, ó máa ń lẹ̀ mọ́ igi, nítorí igi ń sinmi. Kí wọ́n máa bomi rin igi náà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú, èèpo á tú. Gbòǹgbò náà á sì pẹ́ ju ti àsìkò òjò lọ: ẹ máa retí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. A ti wọ oṣù kejì, èyí túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ wá sí Kétu, kí ẹ má dúró de ìsinmi. Ẹ so ó sí ẹ̀ka mẹ́rin lórí igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n yín máa wò ó bóyá èèrà kò tíì já ọ̀rá. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá lè bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti gúáfà yẹn sílẹ̀ di oṣù karùn-ún, ìrètí yín á pọ̀ sí i gan-an. Mi ò rò pé ọmọ bàbá kan á kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá sì kọ̀, gúáfà ṣì ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Gbòǹgbò gúáfà ń hù. Ẹ rìn yí igi náà ká, ẹ wo ilẹ̀: bí ẹ bá rí ọmọ tó ń yọ láti orí gbòǹgbò, tó jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi, ẹ fi ọkọ́ gé gbòǹgbò náà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó ní gbòǹgbò tirẹ̀, kí ẹ tó wú u pẹ̀lú ilẹ̀ ara rẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé igi náà, ẹ wa gbòǹgbò tó nípọn tó ìka ọwọ́ sí àtàǹpàkò, ẹ gé e ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú sínú iyanrìn tútù, kí iyanrìn tó bò ó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Òjò á ti ń bọ̀ nígbà náà. Èyí tó bá hù níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bàbá yín rárá, inú rẹ̀ á pupa bákan náà, bó bá ṣe pé kóró ni bàbá gbìn. Bó bá jẹ́ igi tí wọ́n lọ́ ni bàbá rà, ìyẹn ni pé wọ́n so ẹ̀ka igi kan mọ́ ìdí igi mìíràn, ohun tó bá hù láti gbòǹgbò kì í ṣe èso tí ẹ mọ̀. Ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n àgbà á mọ bó ṣe jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà kan ọsàn wẹ́wẹ́: bí ìdí rẹ̀ bá ní oríkèé wíwú kan, tí ẹ̀ka tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀ sì ní ewé àti ẹ̀gún tó yàtọ̀, ẹ má gé ẹ̀ka lábẹ́ ibẹ̀.

Máńgòrò, lílọ́ ni kí ẹ lọ́ ọ. Ẹ nílò ọmọ máńgòrò tó ti hù láti inú kóró, tó ti nípọn tó lẹ́ẹ̀dì, èyí tí ẹ lè rà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́ igi. Orí ẹ̀ka máńgòrò bàbá yín tí kò ní òdòdó, tí ojú rẹ̀ ti ń wú ṣùgbọ́n tí kò tíì là, ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á gé, á lọ́ ọ mọ́ ọmọ igi yẹn. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ já ewé orí ẹ̀ka náà, ẹ fi igi ewé kékeré sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìyẹn á mú kí ojú rẹ̀ wú. Bí ẹ bá gé e, ẹ wé e sínú bébà tútù àti ọ̀rá, ó lè dúró fún ọjọ́ díẹ̀ níbi tó tutù. Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fúnra yín kọ́ lílọ́ lórí igi kan ṣoṣo tó kù. Ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Centre Songhaï, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, wà ní Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá mọ ẹni tó ń lọ́ igi. Kí ẹ tún kó kóró máńgòrò náà nígbà tó bá pọ́n. Máńgòrò ìbílẹ̀ wa púpọ̀ ni kóró rẹ̀ ń hu ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, irú èyí sì sábà máa ń jọ ìyá rẹ̀. Ti Kent àti Keitt, irú máńgòrò méjì tó ti òkèèrè wá, ń hu ẹyọ kan, ọmọ rẹ̀ kì í sì jọ ìyá.

Kóró ọsàn wẹ́wẹ́ náà sábà máa ń jọ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, lónìí olónìí, ẹ gba èso kan, ẹ fọ kóró rẹ̀, ẹ gbìn ín kó tó gbẹ, nítorí bó bá gbẹ kò ní hù mọ́. Yóò pẹ́ kó tó so, ó lè tó ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, níbi tí ẹ̀ka tó ta gbòǹgbò lè so ní ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi kóró ń lọ jìnnà sísàlẹ̀. Igi tó ti ẹ̀ka wá kò ní gbòǹgbò ńlá tó ń wọlẹ̀ gbọọrọ. Ti tirẹ̀ ń tàn lókè, ẹ̀ẹ̀rùn tètè ń mú un, ìjì sì lè wó o. Ọsàn tó dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀ sì tètè ń ní àìsàn tó ń mú kí ìdí igi jẹrà níbi tí omi bá ń dúró sí. Ní Àjàṣẹ́, ẹ mọ̀ bí omi ṣe ń gba àgbàlá nínú oṣù kẹfà. Ẹ wá ibi tó ga.

Kí ọmọ igi náà wà nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ ibòji títí òjò yóò fi rọ̀ déédé, kó tó di pé ẹ gbìn ín sílẹ̀. Èyí tí ẹ gé lára ìyá rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹ dín ewé rẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ tú ọ̀rá kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má tú fọ́nrán àgbọn, torí gbòǹgbò funfun yẹn ń kán bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ihò tó jìn tó 50 sẹ̀ǹtímítà tó. Ẹ ri òpó kékeré mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ so wọ́n pọ̀ láìfún un jù. Ẹ kó koríko gbígbẹ yí i ká, kó má kan ìdí igi. Ẹ̀ka tó ti ara igi àgbà wá lè yọ òdòdó lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an, nígbà tí kò tíì ga dé orúnkún. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún yín, ṣùgbọ́n ẹ já gbogbo òdòdó ọdún yẹn dànù.